Kí Ni Kí N Kọ́ Tẹ̀lé E Lórí Gìtá?

Ìbéèrè kan wà tí kì í jẹ́ kí ẹni tí ó ń kọ́ gìtá sinmi. Kì í ṣe ìbéèrè ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra gìtá ní àná. Ohun tí ẹni bẹ́ẹ̀ yóò kọ́ kò fara sin: yóò kọ́ bí a ti ń gbé gìtá lé itan, bí a ti ń yí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí ohùn wọn lè bára mu, àti bí a ti ń tẹ ìka mọ́ okùn títí orí ìka yóò fi yi. Ẹni tí ọ̀rọ̀ wa kàn ni ẹni tí ó ti la ìyẹn kọjá. Ó ti mọ kọ́ọ̀dù mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, èyíinì ni àkópọ̀ ohùn tí a ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè ta ìbẹ̀rẹ̀ orin márùn-ún, ṣùgbọ́n kò lè ta ọ̀kan parí nínú wọn. Ó jókòó ti gìtá rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó ta ohun tí ó ti mọ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́hìn, ó tún un ta, ó sì bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Kí ni kí n kọ́ tẹ̀lé e?"

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ìrora orí ìka a máa lọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n àìmọ ibi tí à ń lọ a máa pa ìfẹ́ orin díẹ̀díẹ̀, bí epo ti ń tán nínú àtùpà tí ẹnikẹ́ni kò kíyè sí. Ní ọjọ́ kan a ó gbé gìtá kọ́ ara ògiri, eruku yóò bò ó, onígìtá yóò sì máa sọ fún àlejò pé òun a máa ta á nígbà kan rí.

Ẹ má ṣe rò pé àìsí ẹ̀kọ́ ni ó ń fa èyí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1961, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì pàdé ní ibùdókọ̀ ojú-irin Dartford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan, Mick Jagger, gbé àwo orin Chuck Berry àti ti Muddy Waters dání. Èkejì, Keith Richards, tí ó ń kọ́ gìtá, kò lè mú ojú kúrò lára wọn. Wọ́n ti mọ ara wọn ní ìgbà èwe, ṣùgbọ́n irú àwo bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ ìmọ̀ra di ọ̀rẹ́, ẹgbẹ́ Rolling Stones sì ti ibẹ̀ jáde ní 1962. Ẹni tí ó bá ní àwo kan ṣoṣo kò ní ìṣòro yíyàn. Àwo náà ni yóò kọ́. Yóò máa gbé abẹ́rẹ́ padà sí ojú kan náà ní ìgbà ogún títí ìka rẹ̀ yóò fi rí ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Lónìí, ọmọ ilé-ìwé tí ó ní fóònù lè rí ẹgbẹ̀rún ẹ̀kọ́ gìtá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wo ọ̀kan ní òwúrọ̀, ó gbàgbé rẹ̀ ní ọ̀sán, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ òmíràn ní alẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Kí ni a ó wí nípa ẹni tí ń lé ẹgbẹ̀rún?

Kí a tó lọ síwájú, ó yẹ kí a mọ irú orin tí à ń sọ. Búlúùsì ni orin tí àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú kúrò ní Áfíríkà, dá sílẹ̀ ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1912 ni W. C. Handy tẹ "The Memphis Blues" jáde. Ní 1920 ni Mamie Smith kọ "Crazy Blues" sínú àwo, àwo náà sì tà tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣòwò orin fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá olórin búlúùsì káàkiri. Muddy Waters, tí ó ti ń ta gìtá ní oko òwú ní Mississippi, ṣí lọ sí Chicago ní 1943. Ariwo ilé ọtí ìlú ńlá bo gìtá onígi mọ́lẹ̀, ó sì mú gìtá oníná. Láti inú búlúùsì oníná yìí, àti àwọn orin mìíràn tí ó bá a tan, ni rọ́ọ̀kì ti jáde nígbà tí ó kù díẹ̀ kí 1955 pé. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó bá mọ búlúùsì dáadáa fi máa ń rí i pé òun ti ṣe ìdajì iṣẹ́ rọ́ọ̀kì kí òun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi lórí yíyàn kò gùn. Orin ni kí o yàn, má ṣe yan ẹ̀kọ́. Mú orin kan tí o fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ tí o fi lè gbọ́ ọ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún láì sú ọ, tí kò sì kọjá agbára rẹ jìnnà réré. Pinnu láti ta á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí o ti ń lọ, ìwọ yóò dé ibi kan tí ọwọ́ rẹ yóò kọ̀. Ó lè jẹ́ kọ́ọ̀dù tí ìka kò tíì lè dì, ó lè jẹ́ ibi tí a ti fa okùn kan tí ohùn rẹ̀ fi lọ sókè bí ẹkún. Ibi tí ọwọ́ rẹ kọ̀ sí ni ẹ̀kọ́ rẹ tí ó kàn. A kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a nínú ìwé. Orin ni ó fi í hàn ọ́, orin náà ni yóò sì sọ fún ọ nígbà tí o bá ti mọ̀ ọ́n tán. Ẹni tí ó bá kọ́ ohun kan nítorí pé ó wà ní ojú-ìwé kejìlá kò ní í mọ ìgbà tí ó lè fi í sílẹ̀, kò sì ní í mọ ibi tí yóò ti lò ó.

Wo B. B. King. A bí i ní 1925 ní Mississippi, nítòsí ìlú kékeré tí ń jẹ́ Itta Bena, ó sì kú ní 2015. Ó ní ìbátan kan, Bukka White, tí ó mọ̀ nípa fífi irin tàbí ọrùn ìgò gbá okùn gìtá, kí ohùn lè máa yọ̀ láti ibì kan dé ibòmíràn kí ó sì máa gbọ̀n bí ohùn ènìyàn. Nígbà tí King lọ sí Memphis, lọ́dọ̀ ìbátan yìí ni ó dé sí. Ó fẹ́ràn ohùn náà dé egungun. Ó gbìyànjú láti fi ọrùn ìgò ta gìtá bí tirẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò gbà á. Kí ni ó ṣe? Kò fi ohùn náà sílẹ̀. Ọ̀nà ni ó yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka lásán mi okùn, ó ń gbọ̀n ọ́n láti ọrùn ọwọ́, títí ohùn gìtá rẹ̀ fi ń gbọ̀n bí ti Bukka White. Gbígbọ̀n ìka yẹn ni gbogbo ayé fi dá a mọ̀ lẹ́hìn náà. Ohùn kan ṣoṣo ni yóò ta, àwọn ènìyàn yóò sì ti mọ ẹni tí ó ni í.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn ọkùnrin yìí ni pé ó sọ ọ́ ní gbangba pé òun kò mọ̀ nípa kọ́ọ̀dù. Nígbà tí òun àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ U2 ń múra orin kan, tí a sì fi í hàn nínú sinimá wọn ti 1988, ó wí fún wọn láìtijú pé kọ́ọ̀dù kì í ṣe iṣẹ́ òun. Bí ó bá ń kọrin, kì í ta gìtá. Bí ó bá ta gìtá, ẹnu rẹ̀ a dákẹ́. Orin kan náà ni ẹnu àti gìtá ń pín kọ. Èmi kò wí pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ kọ́ọ̀dù sílẹ̀. King ní ẹgbẹ́ ńlá lẹ́hìn rẹ̀ tí ń ta kọ́ọ̀dù fún un, ìwọ kò ní. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹnikẹ́ni tí ó kọ́ gbogbo rẹ̀ tán, àti pé ohun tí ẹnìkan yàn láti mọ̀ dé ìdí ni ó ń fún un ní ohùn tirẹ̀.

Ìtàn Robert Johnson ni ó tẹ̀lé e, nítorí òun ni àwọn ènìyàn fi ń tan ara wọn jẹ jù. Johnson kú ní 1938, kò tíì pé ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Orin mọ́kàndínlọ́gbọ̀n péré ni ó gbà sínú àwo, ní San Antonio ní 1936 àti ní Dallas ní 1937. Son House, tí ó jẹ́ àgbà onígìtá, sọ pé nígbà tí Johnson wà ní ọ̀dọ́, bí àwọn bá gbé gìtá sílẹ̀ láti sinmi, ọmọ náà a gbé e, a sì máa ta á ní ìtakúta tí àwọn ènìyàn yóò fi bẹ̀bẹ̀ pé kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúrò ní àdúgbò náà. Nígbà tí ó padà, gìtá ti di ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni a ti gbé ìtàn kan kalẹ̀ pé ó lọ sí orítà ní òru, ó sì ta ọkàn rẹ̀ fún èṣù kí ó lè mọ gìtá ta. Àwọn òǹkọ̀wé kan tilẹ̀ ti so ìtàn orítà yìí mọ́ Èṣù tiwa. Ìyẹn kúrò nínú iṣẹ́ tí a ní lọ́wọ́ lónìí.

Òtítọ́ tí a mọ̀ dùn ju ìtàn orítà lọ. Johnson lọ sí apá gúúsù Mississippi, ó sì rí onígìtá kan tí ń jẹ́ Ike Zimmerman. Ọmọbìnrin Zimmerman sọ lẹ́hìn náà pé ilé àwọn ni Johnson gbé nígbà tí ó ń kọ́ iṣẹ́, àti pé bàbá òun a máa mú un lọ sí itẹ́ òkú ní òru láti lọ ta gìtá. Kì í ṣe nítorí iwin. Ibi tí ó dákẹ́ ni, kò sì sí ẹni tí wọn yóò dí lójú oorun. Ẹ wò ó: ọ̀dọ́mọkùnrin kan, olùkọ́ kan, gìtá méjì, òru púpọ̀. Kò sí ẹgbẹ̀rún ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Bí ó bá wá jẹ́ pé o kò tíì lè yan orin, tí o sì fẹ́ kí a dárúkọ ohun kan pàtó tí yóò ṣe ọ́ ní àǹfààní nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ orin, èmi yóò dárúkọ ìwọ̀n méjìlá ti búlúùsì. Bí o bá ń fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ bí orin ti ń lọ, ẹsẹ̀ mẹ́rin ni ìwọ̀n kan. Kọ́ọ̀dù mẹ́ta péré ni ó ń gbé gbogbo rẹ̀. Bí a bá fi A ṣe ilé, a ó dúró lórí A fún ìwọ̀n mẹ́rin. A ó lọ sí D fún ìwọ̀n méjì. A ó padà sí A fún méjì. A ó ta E fún ìwọ̀n kan àti D fún ìwọ̀n kan. A ó sì padà wálé sórí A fún méjì tí ó kù. Ní ìwọ̀n ìkẹhìn, ọ̀pọ̀ onígìtá a tún máa fi ọwọ́ kan E láti fi hàn pé a ó tún bẹ̀rẹ̀. Olórin a kọ ìlà kan, a tún un kọ, lẹ́hìn náà a fi ìlà kẹta parí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í gba ìwọ̀n mẹ́rin tí ó jẹ́ ti ìlà kọ̀ọ̀kan tán; gìtá ni ó ń gbè é ní àyè tí ó ṣẹ́kù. Ẹni tí ó bá ti dúró níbi tí àwọn ènìyàn wa ti ń lé orin tí àwọn mìíràn sì ń gbè é kò nílò kí a ṣàlàyé èyí fún un.

Ó rọrùn lójú ìwé. Ta á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìdúró, kí o sì rí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó lè sáré kiri lórí ọrùn gìtá bí ọ̀kẹ́rẹ́ lórí igi ni yóò sọnù kí ó tó dé ìwọ̀n kẹsàn-án. Ìrìn búlúùsì pẹ̀lú kì í ṣe ìrìn ológun. Ó máa ń tiro díẹ̀: ìdajì àkọ́kọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan a máa gùn ju ìdajì kejì lọ. Ọwọ́ tí ń ta okùn ni ó ni iṣẹ́ yìí, kì í ṣe ọwọ́ tí ń tẹ ọrùn gìtá, ọwọ́ náà sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbàgbé. Fi fóònù gba ohùn ara rẹ sílẹ̀ nígbà tí o bá ń ta á. Gbọ́ ọ ní ọjọ́ kejì. Etí ọjọ́ kejì kì í tan ni jẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé iṣẹ́ elégbè ni èyí, pé kò yẹ fún ẹni tí ó fẹ́ di ọ̀gá, kí ó rántí Jimi Hendrix. Kí ó tó dé Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1966 tí orúkọ rẹ̀ fi ròkè, ó ti lo ọdún díẹ̀ lẹ́hìn àwọn olórin mìíràn, nínú wọn Isley Brothers àti Little Richard. Níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú orin dúró lẹ́sẹ̀ kí ẹlòmíràn lè tàn. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí àwo rẹ̀ yóò gbọ́ ọwọ́ elégbè yẹn lábẹ́ gbogbo ariwo, kọ́ọ̀dù àti ohùn kọ̀ọ̀kan wọnú ara wọn tí a kò fi lè yà wọ́n.

Lẹ́hìn ìwọ̀n méjìlá ni mo tó lè sọ̀rọ̀ dídá ta, tí gbogbo ọmọdé ń fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ dò, re, mí, fá, sọ̀, lá, tí, ẹ mú lá, dò, re, mí àti sọ̀. Ẹ fi fá àti tí sílẹ̀. Ohùn márùn-ún yìí ni ilé àwọn onígìtá búlúùsì. Bí A bá jẹ́ lá, wọ́n di A, C, D, E àti G. Nínú orin tí ó bá fi A ṣe ilé, fi ìka ìfábẹ̀lá sí àlàfo karùn-ún láàárín àwọn irin tí ó dábùú ọrùn gìtá. Lórí okùn tí ó nípọn jù àti lórí méjì tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, àlàfo karùn-ún àti ìkẹjọ ni ìwọ yóò lò. Lórí mẹ́ta àárín, ìkarùn-ún àti ìkeje. Ọ̀sẹ̀ kan tó láti mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí púpọ̀ fi ń há síbẹ̀ fún ọdún márùn-ún: wọ́n mọ ilé, wọn kò mọ ohun tí a ń sọ nínú rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a fi kún ohùn márùn-ún náà kì í ṣe ohùn kẹfà, bí kò ṣe fífa okùn. Lórí okùn kẹta láti ìsàlẹ̀, ìyẹn ẹ̀kẹta láti ibi tí okùn ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù, D wà ní àlàfo keje, E sì wà ní àlàfo kẹsàn-án. Kọ́kọ́ ta àlàfo kẹsàn-án kí o lè gbọ́ ohùn tí ò ń lọ bá. Fi ẹnu kọ ọ́. Lẹ́hìn náà, fi ìka òrùka tẹ àlàfo keje, kí ìka méjì ẹ̀hìn rẹ̀ ràn án lọ́wọ́, kí o sì ti okùn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títí yóò fi dé ohùn tí o fi ẹnu kọ. Kò gbọdọ̀ kù, kò sì gbọdọ̀ kọjá. Bí ó bá kù díẹ̀, olùgbọ́ yóò mọ̀, bí kò tilẹ̀ lè sọ ohun tí ó ṣe é. Àwa tí ohùn nìkan fi ìyàtọ̀ hàn fún láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀, etí wa kò yẹ kí ó ṣàì mọ iṣẹ́ yìí. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ń fa okùn tí ohùn rẹ̀ kò pé ń ṣi ọ̀rọ̀ pè ni.

Lẹ́hìn èyí, kọ́ bí a ti ń sinmi. Nígbà tí kọ́ọ̀dù bá bọ́ sórí D, jẹ́ kí gbólóhùn rẹ parí sórí D. Nígbà tí ó bá padà sórí A, parí sórí A. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Olùgbọ́ yóò rò pé o mọ ohun púpọ̀, nítorí gìtá rẹ ń bá orin lọ dípò kí ó máa sáré lórí rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn bá ti mọ́ ọ lára, fi ọwọ́ ti C díẹ̀ sókè, kí ó má dé ohùn tí ó kàn lókè rẹ̀, kí ó dúró ní àárín méjèèjì. Kò sí bọ́tìnì dùùrù tí ó lè ta ohùn yẹn. Nínú rẹ̀ ni ìbànújẹ́ àti ẹ̀rín búlúùsì ti pàdé.

Nípa sísáré ọwọ́, n kò ní í pẹ́. Yóò dé fúnra rẹ̀ bí ohun tí ò ń ta bá mọ́. Bí kò bá mọ́, ìyára yóò wulẹ̀ fi ìdọ̀tí hàn ní kíákíá.

Ṣé a gbọ́dọ̀ kọ́ ohun tí ẹlòmíràn ti ta, tàbí kí a dá tiwa sílẹ̀? Àwọn ọ̀dọ́ a máa bínú sí ìbéèrè yìí. Ìró gìtá tí ó bẹ̀rẹ̀ "Johnny B. Goode," tí Chuck Berry gbé jáde ní 1958, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí ẹnu-ọ̀nà rọ́ọ̀kì. Ní 1977, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà rán ọkọ̀ Voyager méjì lọ sí òfurufú, orin yìí wà nínú àwọn tí wọ́n fi sínú àwo tí ó wà lára wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ìró náà ti wà ní ọwọ́ ẹlòmíràn rí. Carl Hogan, onígìtá Louis Jordan, ti ta ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun gan-an ní 1946 nínú orin kan, Berry kò sì fi pamọ́ pé ọ̀dọ̀ Hogan ni òun ti kọ́ ọ. Ó fi etí mú un, ó gbé e sórí ìlù mìíràn, ó sì kọ ìtàn ọmọ oko kan lé e lórí. Nítorí náà, mú gbólóhùn gìtá kan ṣoṣo láti inú àwo tí o fẹ́ràn, fi etí wá a láì wo ìwé, kí o ta á ní ilé mìíràn, lórí okùn mìíràn, ní ìrìn mìíràn, títí kò fi ní í jọ ti ẹni tí o ti mú un mọ́.

Mo mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan yóò ti máa sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé gìtá tí òun ní kò dára, pé ohun tí ó kàn ni kí bàbá òun ra òmíràn. Ó lè jẹ́ òtítọ́ bí ọrùn gìtá náà bá ti tẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó gbọ́ ti Tony Iommi. Ọmọ Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ní 1965, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ irin gé orí ìka rẹ̀ méjì, ọwọ́ òsì sì ni ó ń lò, tí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ tí ó fi ń tẹ okùn ni ẹ̀rọ bà jẹ́. Àwọn oníṣègùn rò pé ó ti parí. Ọ̀gá rẹ̀ kan mú àwo Django Reinhardt wá fún un, onígìtá tí iná jó ní 1928 tí ìka rẹ̀ méjì kò fi wúlò mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Iommi yọ́ ìgò ọ̀rá kan, ó fi mọ ohun tí ó dàbí ìbọ̀ka sórí ìka náà, ó fi awọ bò ó. Okùn líle ń dùn ún, ó wá okùn tí ó tẹ́ẹ́rẹ́, kódà ó lo ti báńjò. Lẹ́hìn náà ó tú okùn sílẹ̀ kí ó lè rọ̀ sí i, ohùn gìtá rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, ó wúwo. Ohùn wíwúwo yẹn, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ Black Sabbath gbé jáde, ni gbogbo àwọn tí ń ta rọ́ọ̀kì líle ń lé títí di òní.

Àkókò ọmọ ilé-ìwé kò pọ̀. Bí o bá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, lo mẹ́wàá fún orin tí o ti mọ̀ kí ó má bàa ṣá, kí o lo ogún tí ó kù fún ibi tí ọwọ́ rẹ kọ̀ sí nínú orin tuntun. Má ṣe ta gbogbo orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Bí ọwọ́ bá kọ̀ ní ìwọ̀n keje, ìwọ̀n kẹfà ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Dín ìrìn rẹ̀ kù títí yóò fi ṣeé ṣe láìsí àṣìṣe, kí o tó máa mú un yára. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò sì sí ìyàtọ̀, orin náà ti tóbi jù fún ọ nísinsin yìí. Fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìbínú, mú èyí tí ó kéré jù ú lọ, kí o padà wá bá a lẹ́hìn oṣù mẹ́fà.

Wá ẹni tí ẹ ó jọ máa ta á pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ń dá ta gìtá nínú yàrá lè dúró nígbà tí ó bá ṣì í. Ẹni tí ó bá wà láàárín ẹgbẹ́ kò lè dúró, nítorí onílù ti lọ. Ìwọ yóò mọ ohun tí o kò mọ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn ọmọkùnrin kan ní St. Gregory's College ní Èkó ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé-ìwé ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Ofege sílẹ̀, tí wọ́n ń ta gìtá rọ́ọ̀kì ní ọ̀nà tiwọn, àwo wọn àkọ́kọ́, "Try and Love," sì jáde ní 1973. Wọn kò dúró kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ gìtá tán.

Ní alẹ́ òní, kọ orúkọ orin mẹ́ta sínú ìwé, orin tí o ti bẹ̀rẹ̀ rí tí o kò sì parí. Ní iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ ibi tí ọwọ́ rẹ kọ̀ sí, kì í ṣe pé "ó le," bí kò ṣe ibẹ̀ gan-an: kọ́ọ̀dù wo, okùn wo, ìwọ̀n wo. Bí ohun kan náà bá fara hàn nínú méjì nínú wọn, ti ọ̀sẹ̀ yìí nìyẹn.